Àwòrán-Ilẹ̀ Olówó Pọ́ọ́kú fún Ìjábọ̀: Ọ̀rọ̀-Ìperí Rẹ̀ àti Àpẹẹrẹ Ọgbà Ilé-Iṣẹ́ Ìkòròdú

1. Ìfáàrà

Nínú ìjábọ̀ olójú-ewé ọgọ́rùn-ún, ojú-ewé kan wà tí tọmọdé tàgbà a máa kọ́kọ́ ṣí: ojú-ewé tí àwòrán-ilẹ̀ wà. Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ a wò ó kí ó lè mọ̀ bóyá ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ wà níbẹ̀. Baálẹ̀ a wò ó kí ó lè mọ̀ bóyá wọ́n kọ orúkọ ìlú rẹ̀ bí ó ti yẹ. Ìyá tí ó ń ta oúnjẹ lẹ́nu ọ̀nà ilé-iṣẹ́ lè má ka gbólóhùn kan ṣoṣo nínú ìjábọ̀ náà, ṣùgbọ́n bí a bá tẹ́ àwòrán-ilẹ̀ sílẹ̀ níwájú rẹ̀ tí ó sì yé e, yóò fi ìka tọ́ ibi tí ó ń gbé. Bí ojú-ewé yìí bá burú, ìjábọ̀ ti pàdánù àwọn òǹkàwé tí ọ̀rọ̀ náà kàn jù lọ.

Ó ṣeni láàánú pé ojú-ewé yìí gan-an ni a máa ń fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú. A ó ṣe àdàkọ rẹ̀ láti inú ìwé ẹlòmíràn; a ó dín in kù kí ó lè gba inú ìwé tiwa; a ó kùn ún ní oríṣiríṣi àwọ̀ tí yóò di eérú nígbà tí ẹ̀rọ aṣàdàkọ bá fọwọ́ kàn án; a ó sì kọ orúkọ ìlú sí i láìsí àmì ohùn. Bí a bá béèrè ìdí, èsì tí a máa ń gbà ni pé owó kò tó.

Èrò àpilẹ̀kọ yìí ni pé owó kọ́ ni olórí ìṣòro. Púpọ̀ nínú irinṣẹ́ tí a fi ń ya àwòrán-ilẹ̀ lónìí ni a lè rí gbà lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun tí ó wọ́n ni ìpinnu: kí ni kí a fi hàn, kí ni kí a fi sílẹ̀, báwo ni a ó sì ṣe fi yé ẹni tí ó ń wò ó? Ẹni tí kò bá lè fi èdè tí òǹkàwé rẹ̀ gbọ́ pe orúkọ àmì kọ̀ọ̀kan tí ó fi sórí ìwé, iṣẹ́ rẹ̀ kò tí ì dá a lójú. Nítorí náà, ọ̀rọ̀-ìperí ni a ó fi tọ ipa iṣẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, a ó sì mú Ọgbà Ilé-Iṣẹ́ Ìkòròdú ṣe àpẹẹrẹ.

2. Ibi tí a mú ṣe àpẹẹrẹ

Ìkòròdú wà ní àríwá ọ̀sà Èkó. Ọgbà ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní agbègbè tí à ń pè ní Odogunyan, lẹ́bàá ọ̀nà tí ó ti Ìkòròdú lọ sí Ṣàgámù. Bí ènìyàn bá ń ti ibẹ̀ lọ sí ìhà Ṣàgámù, kò ní pẹ́ tí yóò fi kúrò ní Ìpínlẹ̀ Èkó bọ́ sí Ogijo ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Ààlà ìpínlẹ̀ wà láàárín wọn, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ni ó so wọ́n pọ̀, afẹ́fẹ́ kan náà ni ó sì ń fẹ́ sí wọn. Ní ọdún 2025, ìròyìn nípa májèlé òjé ní Ogijo, níbi tí àwọn ilé-iṣẹ́ ti ń yọ́ òjé láti inú bátìrì ọkọ̀ àlòkù, tàn ká Nàìjíríà, ó sì dé òkè-òkun.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń kọ ìjábọ̀ lórí ọgbà yìí, ìbáà ṣe lórí omi òjò tí kò rí ọ̀nà ṣàn, ìbáà ṣe lórí èéfín tàbí eruku, kò lè ṣe é láìsí àwòrán-ilẹ̀. Kò sì dájú pé yóò rí èyí tí ó bá iṣẹ́ rẹ̀ mu lọ́jà. Àwòrán-ilẹ̀ tí ìjọba tẹ̀ jáde fún gbogbo ayé wúlò fún ohun púpọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìbéèrè inú ìjábọ̀ rẹ̀ ni wọ́n torí rẹ̀ yà á. Tirẹ̀ ni ó gbọ́dọ̀ fúnra rẹ̀ yà.

3. Ọ̀nà tí a gbà rí ọ̀rọ̀-ìperí

Iṣẹ́ fífi Yorùbá kọ́ni ní ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì kì í ṣe tuntun. Ní ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà, nínú èyí tí a ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Ní ọdún 1984, ìwé Èdè Ìperí Yorùbá, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀, jáde fún àwọn tí ń fi Yorùbá kọ́ni ní ẹ̀kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀. Láti inú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni a ti mọ̀ pé ọ̀nà mẹ́ta ni ó yá jù lọ: kí a fẹ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ tí ó ti wà nílẹ̀, kí a so ọ̀rọ̀ pọ̀ láti fi ṣe àpèjúwe, kí a yá ọ̀rọ̀ wọlé kí a sì kọ ọ́ bí ahọ́n Yorùbá ti ń pè é. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni a ó lò níhìn-ín.

Orúkọ iṣẹ́ náà gan-an ni kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Àwọn kan ń pè é ní ‘máàpù’, àwọn kan ń pè é ní ‘àwòrán-ilẹ̀’. Èkejì ni ó yé ọmọ ilé-ìwé láìsí àlàyé púpọ̀, òun ni a sì mú lò. Ṣùgbọ́n ó ní ewu kan nínú: ‘àwòrán’ náà ni à ń pe fọ́tò. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń mú fọ́tò tí sátẹ́láìtì yà láti òfuurufú, tí wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ìjábọ̀, tí wọ́n sì ń pè é ní àwòrán-ilẹ̀. Fọ́tò a máa fi gbogbo ohun tí ó bá wà lójú rẹ̀ hàn, pàtàkì àti aláìjẹ́-pàtàkì: òrùlé, igi, ọkọ̀, òjìji àwọsánmà. Àwòrán-ilẹ̀ a máa ṣa èyí tí ó jẹ mọ́ ìbéèrè, a sì dá ìyókù sí. Nítorí náà, ‘fọ́tò òfuurufú’ ni kí a máa pe ti àkọ́kọ́, kí a sì fi ‘àwòrán-ilẹ̀’ sílẹ̀ fún iṣẹ́ tí ènìyàn ti fi làákàyè ṣà.

4. Ìpìlẹ̀ àti ìpèlé

Iṣẹ́ a máa bẹ̀rẹ̀ láti orí àwòrán ìpìlẹ̀, èyíinì ni ọ̀nà, odò, ọ̀sà àti ààlà tí a ó gbé ọ̀rọ̀ tiwa lé. Ọ̀fẹ́ ni a lè rí i. Ní ọdún 2004 ni Steve Coast dá OpenStreetMap sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Láti ìgbà náà ni àwọn ènìyàn káàkiri ayé ti ń ya ọ̀nà àti ilé àdúgbò wọn sí i. Ẹnikẹ́ni ni ó lè mú un lò, bí ó bá ti lè kọ orísun rẹ̀ sí abẹ́ iṣẹ́ rẹ̀. Ìjẹ́wọ́-orísun ni kí a pe ìlà kékeré yìí. Ẹni tí ó bá yọ ọ́ kúrò ti ṣẹ̀ sí àdéhùn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kọ́bọ̀ kan kò jáde lọ́wọ́ rẹ̀.

Fọ́tò òfuurufú pẹ̀lú ti di ọ̀fẹ́. Láti ọdún 2008 ni Amẹ́ríkà ti ṣí ilé ìpamọ́ fọ́tò Landsat sílẹ̀ fún gbogbo ayé, ilẹ̀ Yúróòpù sì fi sátẹ́láìtì Sentinel-2 àkọ́kọ́ sí òfuurufú ní ọdún 2015. Èyí tí ó mọ́ jù lọ nínú fọ́tò Sentinel-2 ni èyí tí ẹyọ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan dúró fún mítà 10 níbùú àti mítà 10 lóròó. Èyí ni pé ilé ìkẹ́rù tí ó gùn ní 60 mítà yóò hàn níbẹ̀, ṣùgbọ́n gọ́tà ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà kò ní hàn láéláé. Ẹni tí ó bá ń wá gọ́tà gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ rìn, kí ó mú fóònù tí ó lè sọ ibi tí ó wà lọ́wọ́, kí ó sì máa kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ó bá délé, yóò kó ohun gbogbo jọ sínú QGIS, ètò kọ̀ǹpútà tí Gary Sherman bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2002, tí a kì í sì í san owó lé lórí.

Nínú irú ètò bẹ́ẹ̀, ohun kọ̀ọ̀kan a máa wà lọ́tọ̀: ọ̀nà lọ́tọ̀, omi lọ́tọ̀, ilé-iṣẹ́ lọ́tọ̀. A ó tò wọ́n lé ara wọn, a sì lè ká èyíkéyìí kúrò láìba èyí tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ jẹ́. Kí ni kí a máa pe ọ̀kọ̀ọ̀kan? ‘Ìpele’ ni ó kọ́kọ́ sọ síni lọ́kàn, ṣùgbọ́n ìpele àtẹ̀gùn kì í ṣe ohun tí a lè yọ kúrò kí àtẹ̀gùn sì dúró. ‘Ìpèlé’ ni ó bá a mu. Obìnrin tí ó ró ìró tí ó sì fi ìpèlé lé e mọ̀ pé aṣọ méjì ni òun lò. Bí ó bá fẹ́, yóò tú ìpèlé. Ìró rẹ̀ yóò wà níbi tí ó wà. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ti àwòrán-ilẹ̀.

Ẹni tí kò ní kọ̀ǹpútà náà lè lo ìpèlé. Kí ó ra bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ojú lè là kọjá. Kí ó fi àmì àgbélébùú mẹ́rin sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àwòrán ìpìlẹ̀, kí ó sì ṣe àdàkọ àmì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sórí bébà kọ̀ọ̀kan. Kí ó fi bébà kan ya ọ̀nà, kí ó fi òmíràn ya omi, kí ó fi ẹ̀kẹta ya ohun tí ìjábọ̀ rẹ̀ dá lé. Níwọ̀n ìgbà tí àgbélébùú bá ti bọ́ sórí àgbélébùú, iṣẹ́ rẹ̀ gún.

Ibi kan wà tí ìpèlé kì í ti í bọ́ sórí ìpìlẹ̀, tí kò sì sí ẹ̀bi ọwọ́ níbẹ̀. Àwọn awọnlẹ̀ Nàìjíríà láti ayébáyé ti gbé ìwọ̀n wọn lé òpó kan tí ó wà ní Minna, tí à ń pè ní L40. Sátẹ́láìtì ní tirẹ̀ ń gbé ìwọ̀n lé ìlànà tí a ṣe fún gbogbo ayé. Bí a bá mú ìwé àwọn awọnlẹ̀ tí a ṣe ní ìlànà Minna, tí a sì gbé e lé fọ́tò òfuurufú láìṣe àtúnṣe, ohun gbogbo yóò yẹ̀ ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún mítà. Ọgọ́rùn-ún mítà tó láti gbé símínì ilé-iṣẹ́ kan sínú ọgbà aládùúgbò rẹ̀. Nínú ìjábọ̀ lórí èéfín, àbùkù bẹ́ẹ̀ lè di ẹjọ́. Ìpìlẹ̀-ìwọ̀n ni kí a pe ohun tí ó yàtọ̀ láàárín wọn, kí a sì máa kọ ọ́ sí abẹ́ àwòrán-ilẹ̀: ‘Ìpìlẹ̀-ìwọ̀n: Minna’, tàbí ‘Ìpìlẹ̀-ìwọ̀n: ti sátẹ́láìtì’.

5. Ìwọ̀n-ìdínkù

Olùkọ́ tí ó ti kọ́ni ní ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ mọ ibi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń ṣubú. Gẹ̀ẹ́sì a máa pe àwòrán-ilẹ̀ tí ó fi ilé àti ọ̀nà hàn ketekete ní ti òṣùwọ̀n ńlá, nígbà tí ó jẹ́ pé nọ́ńbà tí a kọ sí abẹ́ rẹ̀ kéré. Èyí tí ó kó odindi orílẹ̀-èdè sójú-ewé kan ni ó ń pè ní ti òṣùwọ̀n kékeré, nọ́ńbà rẹ̀ a sì tó mílíọ̀nù. Ọmọ a máa wo nọ́ńbà, a máa wo orúkọ, orí a sì dàrú. Bí a bá túmọ̀ rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀, ìdàrúdàpọ̀ náà ni a ó kó wọ inú Yorùbá.

Kò yẹ kí ó rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí nọ́ńbà náà ń sọ ni iye ìgbà tí a ti dín ilẹ̀ kù kí ó tó lè gba orí bébà. ‘Ìwọ̀n-ìdínkù’ ni kí a pè é. Ìdínkù 10,000 kéré sí ìdínkù 50,000, gẹ́gẹ́ bí nọ́ńbà wọn ti kéré síra. Èyí tí a kò dín kù púpọ̀ ni ohun inú rẹ̀ yóò hàn dáadáa. Orúkọ àti nọ́ńbà ń sọ ohun kan náà, ọmọ kò sì ní nǹkan kan tí yóò há sórí.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Bí a bá yọ etí bébà A4 kúrò, ibi tí ó kù fún àwòrán lè jẹ́ sẹ̀ntímítà 17 níbùú àti 25 lóròó. Ní ìdínkù 10,000, sẹ̀ntímítà kan dúró fún 100 mítà. Bébà náà yóò gba ilẹ̀ kìlómítà 1.7 níbùú àti 2.5 lóròó. Ní ìdínkù 25,000, sẹ̀ntímítà kan dúró fún 250 mítà. Yóò gba 4.25 àti 6.25. Ní ìdínkù 50,000, sẹ̀ntímítà kan dúró fún ìdajì kìlómítà. Yóò gba 8.5 àti 12.5. Nítorí náà, ẹni tí ó ń kọ̀wé lórí gọ́tà inú ọgbà Ìkòròdú yóò mú ìdínkù 10,000, bí ó tilẹ̀ máa gba bébà ju ẹyọ kan lọ. Ẹni tí ó ń kọ̀wé lórí èéfín yóò mú ìdínkù 50,000, nítorí pé èéfín kì í dúró sínú ọgbà. Ìbéèrè ni ó ń yan ìwọ̀n-ìdínkù. Bébà kò gbọdọ̀ yàn án fúnni.

Níhìn-ín náà ni a ti rí i pé àmì kì í ṣe ohun tí ó dúró fún. Ọ̀nà tí ó fẹ̀ ní mítà 10 yóò di 0.2 mìlímítà ní ìdínkù 50,000, ojú kò sì ní lè fi bẹ́ẹ̀ rí i. A gbọ́dọ̀ fẹ̀ ẹ́ lójú kí ó tó hàn. Kì í ṣe irọ́, bí àlàyé-àmì bá ti sọ ọ́.

Ohun kan ṣoṣo tí olówó pọ́ọ́kú gbọ́dọ̀ kíyè sí jù lọ ni ẹ̀rọ aṣàdàkọ. Ká ní a ya àwòrán-ilẹ̀ ní ìdínkù 25,000 sórí A4, tí ẹlòmíràn sì dín in kù sí A5 kí owó títẹ̀ lè fúyẹ́. Nọ́ńbà 25,000 yóò ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìdínkù tòótọ́ ti di nǹkan bí 35,000. Ẹni tí ó bá fi rúlà wọn sẹ̀ntímítà mẹ́rin yóò rò pé kìlómítà kan ni, nígbà tí ó ti tó kìlómítà 1.4. Oògùn rẹ̀ ni ọ̀pá-ìwọ̀n: ìlà kúkúrú kan tí a pín tí a sì kọ ‘kìlómítà 1’ sí lára. Bí bébà bá súnkì, ọ̀pá náà a súnkì pẹ̀lú rẹ̀. Òtítọ́ rẹ̀ kì í sá. Àwòrán-ilẹ̀ tí a ó ṣe àdàkọ rẹ̀ kò gbọdọ̀ ṣàìní ọ̀pá-ìwọ̀n.

6. Iye, irú àti ìrẹ

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé àwọ̀ púpọ̀ ni ẹwà. Aláró kò rò bẹ́ẹ̀. Ìkòkò aró kan náà ni ó fi ń rẹ aṣọ tí ó mọ́ fẹ́ẹ́rẹ́ àti aṣọ tí ó dúdú kirikiri. Bí ó bá rẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó di àyìnrín. Bí ó bá ń rẹ ẹ́ tí ó ń sá a, tí ó tún ń rẹ ẹ́, yóò máa ṣú sí i títí yóò fi dúdú. Ẹni tí ó bá rí aṣọ márùn-ún láti inú ìkòkò kan lè tò wọ́n láti èyí tí a rẹ díẹ̀ dé èyí tí a rẹ púpọ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un.

Èyí ni ìlànà tí a nílò fún fífi iye hàn. Bí a bá wọn òjé nínú erùpẹ̀ àdúgbò márùn-ún, kí a mú àwọ̀ kan ṣoṣo, kí ibi tí òjé kéré jù lọ gba ìrẹ kan, kí ibi tí ó pọ̀ jù lọ gba ìrẹ márùn-ún. ‘Ìrẹ’ ni kí a máa pe ìpín àwọ̀ kọ̀ọ̀kan. Kò yẹ kí ó ju márùn-ún tàbí mẹ́fà lọ, nítorí pé bí ó bá pọ̀ jù, ojú kò ní lè fi ìyàtọ̀ sí i. Àǹfààní mìíràn wà níbẹ̀ fún ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀: àwọ̀ kan tí a rẹ ní ìwọ̀n ìwọ̀n kò ní bàjẹ́ nínú ẹ̀rọ aṣàdàkọ aláwọ̀ dúdú. Pupa àti àwọ̀ ewé tí wọ́n ṣú bákan náà yóò di eérú kan náà; àyìnrín àti dúdú yóò ṣì yàtọ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun gbogbo ni iye. Ilé-iṣẹ́, ilé ìgbé, oko àti ọjà jẹ́ irú, kò sí èyí tí ó pọ̀ ju èkejì lọ nínú wọn. Bí a bá fi ìrẹ ya irú, òǹkàwé yóò rò pé ọjà ju oko lọ. Fún irú, àwọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tàbí ọnà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni a nílò: ilà fún èyí, ẹ̀kán fún èyí, òfìfo fún òmíràn, bí àwọn aládìrẹ ti máa ń fi ọnà ya aṣọ sọ́tọ̀. Òfin náà rọrùn láti rántí: iye ni à ń rẹ, irú ni à ń fún ní ọnà.

Ìkìlọ̀ kan wà fún atúmọ̀ èdè. Kí ó má ṣe kọ ‘pupa’ nìkan sínú àlàyé-àmì. Ọ̀rọ̀ yìí gbòòrò lẹ́nu Yorùbá: epo pupa, ènìyàn pupa àti ilẹ̀ pupa kò ní àwọ̀ kan náà. Kí ó fi àpótí kékeré tí a kùn hàn, kí ó sì kọ ohun tí ó dúró fún sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ìkìlọ̀ kejì ni ó wúwo jù. Ibi tí a kò wọ̀n rárá kò gbọdọ̀ jẹ́ funfun tàbí àyìnrín. Bí a bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ojú yóò kà á sí ibi tí ó mọ́ jù lọ. Ká ní ẹni tí ó kọ ìjábọ̀ lórí Odogunyan dé ààlà Ìpínlẹ̀ Èkó, ó dúró, ó sì fi apá Ogijo sílẹ̀ ní funfun nítorí pé kò sí nínú iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún un. Kò parọ́ kankan. Síbẹ̀, àwòrán-ilẹ̀ rẹ̀ ti sọ fún ẹni tí ń gbé ní Ogijo pé ara rẹ̀ dá. Kí a fi ilà tẹ́ẹ́rẹ́ kun irú ibẹ̀, kí a sì kọ sínú àlàyé-àmì pé: ‘A kò wọ̀n ọ́n’. Ààlà náà gbọ́dọ̀ hàn, nítorí pé ìjọba méjì ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Ṣùgbọ́n kí àwòrán kọjá ààlà, kí òǹkàwé lè rí ẹni tí ó wà ní òdìkejì.

7. Orúkọ

A ti kọ Odogunyan àti Ogijo sínú àpilẹ̀kọ yìí bí wọ́n ti máa ń wà lára pátákó, láìsí àmì ohùn, a sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Orúkọ àkọ́kọ́ a máa wà ní ‘Odogunyan’, a máa wà ní ‘Odongunyan’, a sì tún máa wà ní ‘Odonguyan’. Onímọ̀ èdè tí ó jókòó sínú ọ́fíìsì yóò rí ‘odo’ níbẹ̀, yóò sì bi ara rẹ̀ léèrè bóyá odó ni tàbí odò. Odó tọ́ka sí iyán. Odò tọ́ka sí omi. Ìtàn tí ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò bí yàtọ̀ pátápátá. Lẹ́tà nìkan kò lè yanjú rẹ̀. Ẹnu àwọn àgbà tí wọ́n ni ìlú ni ohùn wà.

Ẹni tí ó ń ya àwòrán-ilẹ̀ ni ó ní àǹfààní jù lọ láti lọ béèrè, nítorí pé ó ti ń fi ẹsẹ̀ rìn ní àdúgbò náà tẹ́lẹ̀. Kí ó béèrè lọ́wọ́ àgbà ju ẹyọ kan lọ, kí ó gba ohùn wọn sílẹ̀, kí ó sì kọ orúkọ ní ìlànà àkọtọ́ tí ìjọba fi ọwọ́ sí ní ọdún 1974. Níbi tí ẹnu kò bá ti kò, kí ó kọ ọ́ bí ó ti wà lára pátákó. Àmì ohùn tí a fi àròsọ fi sí orúkọ ìlú onílùú burú ju àìfi-sí lọ: ẹ̀dà rẹ̀ yóò máa tàn kálẹ̀, ọmọ ìlú náà yóò sì máa kà á nílé-ìwé.

Àwáwí tí a ti ń gbọ́ tipẹ́ ni pé ẹ̀rọ kò lè kọ àmì. Kò sí àwáwí bẹ́ẹ̀ mọ́. Àwọn lẹ́tà Gentium àti Noto wà lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n sì gba ohun gbogbo tí Yorùbá nílò. Kí ènìyàn kọ́kọ́ tẹ ‘ọ̀nà’, ‘ẹ̀bá’ àti ‘Ṣàgámù’ wò. Bí àmì bá bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ lẹ́tà dípò orí rẹ̀, kí ó pààrọ̀ irú lẹ́tà náà kí iṣẹ́ tó jìnnà.

Ó tún yẹ kí a wo orúkọ tí a ń fi sílẹ̀. Bí ààyè kò bá tó, orúkọ abúlé ni a sábà máa ń yọ, tí a ó sì fi ti ilé-iṣẹ́ sílẹ̀. Ilé-iṣẹ́ lè kó lọ lọ́la. Bí ààyè kò bá tó lóòótọ́, kí a fi nọ́ńbà dúró fún ilé-iṣẹ́, kí a kọ orúkọ wọn sínú àlàyé-àmì, kí a sì jẹ́ kí orúkọ abúlé wà lórí ilẹ̀ tirẹ̀.

8. Àsokágbá

Kò sí ọ̀kan nínú ohun tí a ti sọ tí ó nílò owó ńlá. Bébà, rúlà, ẹsẹ̀ tí ó lè rìn àti fóònù ni ó tó bẹ̀rẹ̀. Kọ̀ǹpútà a máa mú un yá. Ẹwà tí à ń wá nínú àwòrán-ilẹ̀ a máa ti inú ìpinnu wá: ìpèlé díẹ̀, ìrẹ kan, ọ̀pá-ìwọ̀n kan, orúkọ tí a kọ dáadáa. Iṣẹ́ tí ó kù fún olùkọ́ àti atúmọ̀ èdè ni láti mú àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí lọ sí kíláàsì àti sí pápá, kí wọ́n sì dán wọn wò lẹ́nu àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn. Èyí tí kò bá yé ìyá olóúnjẹ tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé-iṣẹ́, kí a wá òmíràn rọ́pò rẹ̀.

Àkójọ ọ̀rọ̀-ìperí

Àlàyé-àmì: àpótí tí ó sọ ohun tí àmì kọ̀ọ̀kan dúró fún.
Àwòrán-ilẹ̀: iṣẹ́ tí ó fi ohun tí a ṣà lórí ilẹ̀ hàn ní ìwọ̀n-ìdínkù kan.
Àwòrán ìpìlẹ̀: ọ̀nà, omi àti ààlà tí a gbé ọ̀rọ̀ ìjábọ̀ lé.
Fọ́tò òfuurufú: fọ́tò ilẹ̀ tí a yà láti òkè, tí a kò tí ì ṣa ohun inú rẹ̀.
Ìjẹ́wọ́-orísun: ìlà tí ó sọ ibi tí a ti mú àwòrán ìpìlẹ̀ wá.
Ìpèlé: ohun irú kan tí a yà lọ́tọ̀, tí a lè gbé lé ìpìlẹ̀ tàbí ká kúrò.
Ìpìlẹ̀-ìwọ̀n: ìlànà tí gbogbo ìwọ̀n ilẹ̀ dúró lé.
Ìrẹ: ìpín kọ̀ọ̀kan nínú àwọ̀ kan tí ó ń ṣú sí i bí iye ti ń pọ̀ sí i.
Ìwọ̀n-ìdínkù: iye ìgbà tí a dín ilẹ̀ kù kí ó tó gba orí bébà.
Ọnà: ilà, ẹ̀kán tàbí àmì mìíràn tí a fi ya irú kan sọ́tọ̀ sí òmíràn.
Ọ̀pá-ìwọ̀n: ìlà tí a pín, tí a fi ń wọn jíjìnnà lórí àwòrán-ilẹ̀.